Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Ya Fídíò fún Àwọn Tó Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kò ní orúkọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé, "Iṣẹ́ wo ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń ṣe ní Èkó?" ìyá mi á ní, "Ó ń ya sinimá fún àwọn aláìsàn." Ẹni tó béèrè á máa wo ìyá mi bíi pé àwọn gan-an ni ara wọn kò yá. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, fídíò ni mo ń ṣe fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, òun náà ni màá tún ṣe.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gùn. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà dín òṣìṣẹ́ kù nígbà tí SAP dé, ìyẹn ètò tí ìjọba ológun ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ bá ọkùnrin kan ní Agége tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde, Ọ̀gá Délé là ń pè wọ́n. Wọ́n gbà mí. Owó ńkọ́? Ó tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá Délé le. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, irungbọ̀n wọn ti ń funfun, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá tún ẹsẹ̀ rẹ tò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn tí n kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Kámẹ́rà ìgbà yẹn wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Èjìká lèèyàn ń gbé e sí, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ á tún wà nínú àpò lọ́tọ̀, wáyà á so àwọn méjèèjì pọ̀. Èmi rò pé ọjọ́ kejì tí mo dé ni màá gbé e, tí gbogbo àdúgbò á máa wò mí. Ohun tí Ọ̀gá ní kí n máa ṣe ni pé kí n lọ jókòó ti oníbàtà kan lẹ́bàá ọ̀nà, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pè mí.

"Mọ́rẹ̀nikẹ́, kí ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe?"

"Ó gé awọ, sà."

"Kó tó gé e ńkọ́?"

"Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i."

"Kó tó sàmì?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi nu ojú awọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá níbẹ̀ lónìí, mo rí i. Ìwọ tí o jókòó tì í láti àárọ̀, o ò rí i. Padà síbẹ̀ lọ́la."

Lẹ́yìn oníbàtà, ó kan ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan onídìrí. Oníbàtà fúnra rẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí," á ní, "tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni, ẹ sọ ọ́ jáde, kí n tètè lọ múra ìyàwó mi sílẹ̀." Inú ń bí mi, mo ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí ìdí tirẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́?

Àfi bó ṣe di bí oṣù kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Mo lè wo èèyàn tó ń di okùn bàtà rẹ̀, kí n ka ohun mọ́kànlá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ní títẹ̀léra. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó. Ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú fèrèsé kan tí mo ti ń gba inú rẹ̀ wòta láti kékeré. Gbogbo Agége wá di ilé ìwé fún mi. Mi ò lè kọjá lára ẹni tó ń pọn omi kí n má dúró.

Ọdún kejì ni Mátírọ́ọ̀nù wá bá wa. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìlúpéjú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ga, ohùn wọn mú bí abẹ. Ọsibítù náà ní ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ìtọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ jáde lápá aláìsàn, á gba inú ẹ̀rọ kọjá, á padà sára rẹ̀ ní mímọ́. Bíi wákàtí mẹ́rin ni, ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ ẹ̀rọ kan sí èkejì, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ara rẹ̀: omi tó ń mu, iyọ̀ tó ń jẹ, èso tó ń jẹ. Ibẹ̀ ni ikú máa ń gbà wọlé.

"Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń wo àjà," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀kọ́ wò. Fídíò kan wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun. Òyìnbó kan ń rìn nínú yìnyín, ó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹ ṣokoléètì. Bàbá kan láti Agége pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ibo ni wọ́n ti ń ta ṣokoléètì náà, kí àwọn lè máa yẹra fún ibẹ̀."

Ọ̀gá Délé rẹ́rìn-ín. "Ìgbéyàwó la mọ̀ ọ́n yà, mà."

"Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó ló mọ bí èèyàn ṣe ń jẹun."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Mọ́rẹ̀nikẹ́, iṣẹ́ rẹ rèé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń kọ, mo ń pa rẹ́. Mo ní kí àwọn aláìsàn wọ̀nyí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, torí ẹ̀rín ti ṣọ̀wọ́n ní yàrá yẹn. Òṣèré kan wà ní Agége nígbà náà tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun ni mo lọ bẹ̀. Mo gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó bó ọsàn, ó mu ún, ó bó òmíràn, ó mu ún, ó la àgbọn, ó gbé e sẹ́nu, omi rẹ̀ ń ṣàn gba orí ikùn lọ. Èmi ni mo wá fi ohùn sí i lábẹ́ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dán irú èyí wò o." Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan jókòó nídìí tábìlì, tó ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó sọ, ó sọ, ó sọ.

Ọ̀gá Délé wò ó. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ohun tí kò dáa fi ṣáájú?"

"Kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, sà."

Wọ́n fọwọ́ pa irungbọ̀n, wọ́n ní ká máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń gbé e lọ sí Ìlúpéjú, àwọn sójà dá wa dúró ní Maryland. Láyé ológun, bí o bá gbé kámẹ́rà, àfi bíi pé o gbé ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ká ṣí àpò. Ó ní kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ní ẹ̀kọ́ ìlera ni. Ó ní irọ́ ni, ká fi han òun. Ó fi ojú kan sí ibi tí wọ́n ti ń wo àwòrán lára kámẹ́rà, ó wò ó títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá yìí ń gbádùn ara wọn o," ó wí. "Ṣé ọsàn lẹ ń polówó ni?" Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jẹ́ ká lọ. Kò sẹ́ni tó ronú sí ohun tó sọ.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi í hàn. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ka orí kọ́bọ́ọ̀dù. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, Mátírọ́ọ̀nù sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀, torí bí nǹkan bá fẹ́ ṣe aláìsàn, ẹ̀rọ ló máa dún, àfi kí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú wọn. Nígbà tí omi àgbọn dà sórí ikùn òṣèré náà, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lórí àga kẹta, tó jìnnà jù sí tẹlifíṣọ̀n, fi ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Bàbá Rafíù ni wọ́n ń jẹ́, télọ̀ ni wọ́n ní Agége, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì ju oṣù méjì lọ lórí ẹ̀rọ. "Ọmọ mi, o ṣeun," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Bí mo ṣe ń lọ sílé, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo padà lọ mú kásẹ́ẹ̀tì náà kí n lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo bá wọn tí wọ́n ń gbé Bàbá Rafíù wọlé. Ẹsẹ̀ wọn kò gbà wọ́n mọ́, àyà wọn ń lù ségesège. Dókítà àgbà bi ìyàwó wọn pé, "Kí ni wọ́n jẹ?"

"Ọsàn ni, Dókítà. Ọsàn mẹ́jọ, àti omi àgbọn. Èmi ni mo bó o fún wọn."

Èròjà kan wà nínú ọsàn àti àgbọn tí kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lé jáde. Bí kò bá rọ́nà jáde, tó pọ̀ lára, ó lè dá ọkàn dúró. Dókítà figbe ta. "Ta ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́?"

Ìyá Rafíù na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ̀yin náà ni. Wọ́n ní ẹ fi han àwọn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń jẹ ẹ́ sanra, ara rẹ̀ ń dán, kò jọ aláìsàn rárá."

Ẹ wò ó bí mo ṣe dúró. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó sanra ni ara rẹ̀ yá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo wá mú ẹni tó sanra jù ní Agége, mo ní kó máa jẹ májèlé lójú àwọn tó rù.

Wọ́n so Bàbá Rafíù mọ́ ẹ̀rọ kíákíá. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Wọ́n yè é. Ṣùgbọ́n Dókítà fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ lára ògiri, wọ́n ní, "Kò sí fídíò mọ́ níbí." Mátírọ́ọ̀nù kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní Agége, Ọ̀gá Délé ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, wọ́n yí ohùn rẹ̀ pa pátápátá. "Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Wò ó," wọ́n wí. Mo wò ó. Ọkùnrin aláyọ̀ kan ń mu ọsàn. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

"Nu ojú rẹ," Ọ̀gá wí. "Èmi náà wò ó kó tó jáde. Àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi. Láti òní lọ, ohun tí o ò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe, má fi hàn wọ́n. Má fi hàn wọ́n rárá, bó ti wù kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó."

A lọ bẹ Bàbá Rafíù nílé. Mo kúnlẹ̀, Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀. Ìyá Rafíù yí ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń fẹ́ iná. Bàbá ní ká dìde.

"Ṣé ẹ máa ya òmíràn?"

Mo ní Dókítà kò gbà mọ́.

"Tí ẹ bá máa ya òmíràn, èmi ni kí ẹ yà. Èmi ò sanra. Kò sẹ́ni tó máa rò pé mò ń gbádùn ara mi."

"Ẹ fẹ́ pa wọ́n tán ni?" Ìyá Rafíù wí, láìyíjú padà.

"Ìyá Rafíù, àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi," ni Bàbá wí. "Ṣé kí àwọn náà mu ọsàn ni?"

Ìyá Rafíù ti igi sínú iná, wọ́n ní, "Ó dáa, tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá ya sinimá, ẹ jẹ́ kí n wá aṣọ gidi fún wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi yà á, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ ẹni tó ti ń wọn aṣọ láti ọmọdé, ṣé ẹ mọ bó ṣe rí? Kì í ṣàṣìṣe. Láàárọ̀, Bàbá á fi agolo mílíìkì kékeré wọn omi tí dókítà fún wọn láyè láti mu lọ́jọ́ kan, wọ́n á dà á sínú ìgò kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí wọ́n bá mu, inú ìgò yẹn ni yóò ti wá. Bó bá tán, ó tán. A ya bí wọ́n ṣe ń gé iṣu wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, tí wọ́n da omi náà nù, tí wọ́n tún fi omi tuntun sè é. A ya bí wọ́n ṣe ń gbé garawa, tí wọ́n fi apá tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n lo apá kejì.

Òùngbẹ ló kù. Èmi ò mọ bí a ṣe lè fi ohun tí èèyàn máa ṣe sí òùngbẹ hàn láìsọ̀rọ̀. Bàbá fúnra wọn ló wá a rí. "Bí a bá ń ṣe àlùwàlá," wọ́n wí, "ṣebí a máa ń fi omi yọ ẹnu, tí a sì ń tu ú dànù? Ẹnu á tutù, ikùn ò ní mọ̀." Mo ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ṣe é. Iná ò dára, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, wọ́n wo Ọ̀gá Délé. "Ẹ bá mi bẹ ọmọ yìí. Ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, òun fẹ́ fọ eyín mi dànù."

A kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣe.

Dókítà kò fẹ́ gbọ́. Mátírọ́ọ̀nù ló dúró sí i. "Ẹ wá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ òyìnbó," wọ́n wí. "Bí kò bá yé e, èmi ni màá sọ kásẹ́ẹ̀tì náà sínú iná."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oníṣòwò màlúù kan wọlé láti Agége, Haúsá ni, kò gbọ́ èdè mìíràn. Àbúrò rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un. Mátírọ́ọ̀nù rán àbúrò náà lọ ra oúnjẹ, wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, wọ́n pa ohùn rẹ̀. Bàbá Rafíù wà lórí àga tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Dókítà ká apá lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ẹni tó jókòó tì í, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

Àbúrò rẹ̀ padà dé, ó gbé ife omi ńlá kan fún un. Ọkùnrin náà mi orí. Ó na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka méjì wọn nǹkan kékeré nínú afẹ́fẹ́. Ó bu omi náà sẹ́nu díẹ̀, ó yọ ẹnu rẹ̀ títí, ó tẹ̀ síwájú, ó tu gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà.

"Ta ló sọ fún un?" Dókítà béèrè.

Àbúrò rẹ̀ ní òun kọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun kọ́.

"Dókítà, ẹ bá mi dúpẹ́," Bàbá Rafíù wí. "Láti ọdún tí mo ti wà ní Agége, Haúsá kò jáde lẹ́nu mi rí. Àfi òní."

Dókítà tẹ̀ síwájú, wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n náà díẹ̀ kí àga kẹta lè rí i dáadáa.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn ọsibítù mìíràn ń ránṣẹ́ pè wá. Kámẹ́rà ńlá yẹn lọ, èyí tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì sínú ara rẹ̀ dé. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, sídíì dé. Lónìí, ohun tó wà nínú àpò ṣòkòtò yín ń ya àwòrán tó mọ́ ju gbogbo ẹrù tí èmi àti Ọ̀gá Délé fi èjìká rù lọ. Mo bá gbogbo wọn lò, mo sì fẹ́ràn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí ẹni tó ń wò ó máa lọ ṣe bó bá délé. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn.

Bàbá Rafíù lo ọdún púpọ̀ sí i kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn ikú wọn, mo wà ní Ìlúpéjú lọ́jọ́ kan tí Ìyá Rafíù mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá, aládùúgbò wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n tún gèlè rẹ̀ ṣe, wọ́n fi ọkọ wọn hàn án nínú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí Bàbá ti ń wọn omi.

"Má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan," Ìyá Rafíù wí. "Ohun tí o bá rí i tí wọ́n ṣe, lọ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Mo fa àga kan, mo jókòó lẹ́yìn wọn, mo sì tún wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń wò ó bóyá ohun kan ṣì kù níbẹ̀ tó lè pa ọmọ náà bó bá ṣe é bẹ́ẹ̀.